Ìwo Ló Ṣáájú Àwọ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Àfòpiná Mọ̀

Ní ọdún 1773, Dru Drury, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní London tó fẹ́ràn àtimáa kó kòkòrò jọ, ṣàpèjúwe kòkòrò kan tó rẹwà lójú gan-an. Dúdú ni apá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, pupa àti wúrà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà lára rẹ̀. Drury sọ ọ́ ní Papilio rhipheus, ìyẹn ni pé ó kà á kún labalábá. Ẹ̀yìn ìgbà náà làwọn onímọ̀ tó rí i pé àfòpiná ni, pé erékùṣù Madagascar ni ilé rẹ̀, àti pé ojú ọ̀sán ló máa ń fò. Chrysiridia rhipheus lorúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí.

Drury mọ kòkòrò tinú-tẹ̀yìn. Àwọ̀ ló ṣì í lọ́nà, àwọ̀ náà ló sì ń ṣi èyí tó pọ̀ jù nínú wa lọ́nà títí di òní. A rí èyí tó ń dán, tó ń fò lọ́sàn-án, a pè é ní labalábá. A rí èyí tí kò láwọ̀, tó ń forí gbá gílóòbù lálẹ́, a pè é ní àfòpiná, ó parí. Bẹ́ẹ̀ àfòpiná tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ ju 130,000 ẹ̀yà lọ, nígbà tí gbogbo labalábá ayé kò ju nǹkan bí 18,000 sí 20,000 lọ. Nínú ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ yẹn, àfòpiná funfun wà, aláwọ̀ ewé wà, ẹlẹ́wù pupa wà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, Euchromia lethe dúdú, ó ní àmì funfun àti àmì aláwọ̀ ọsàn, ojú oòrùn ló sì ti máa ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan dá a mọ̀ kò ní pè é ní àfòpiná láéláé.

Ìdí mìíràn tún wà tí mi ò fi gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Ẹ fọwọ́ kan apá àfòpiná, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú kan tó máa lẹ̀ mọ́ yín níka. Eruku kọ́. Ìpẹ́ ni, tíntìn-tíntìn, tí wọ́n tò léra, ọ̀kan lé èkejì, láti ìdí apá dé etí rẹ̀. Ara ìpẹ́ yìí ni àwọ̀ wà. Òmíràn jẹ́ aró inú ìpẹ́ fúnra rẹ̀, òmíràn sì jẹ́ ọ̀nà tí ìpẹ́ ń gbà dá ìmọ́lẹ̀ padà, irú èyí tó wà lára ti Madagascar yẹn. Bí àfòpiná bá ti pẹ́ láyé, tó ti fara nu ewé, tí òjò ti pa á, tí ẹyẹ ti lé e, ìpẹ́ á ti bọ́, àwọ̀ á sì ti bá a lọ. Ohun tó kù ni awọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara àti iṣan tó gbé e dúró. Àwọn iṣan yẹn kì í parẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pín àfòpiná sí ìdílé-ìdílé fi ń ka bí iṣan ṣe pín sí méjì, sí mẹ́ta, lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn. Ẹ̀yà kan náà sì lè ní àwọ̀ tó yàtọ̀ síra pátápátá. Biston betularia ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ funfun oníwínníwínní, ni wọ́n rí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó dúdú kirikiri ní Manchester ní ọdún 1848. Bí èéfín ilé iṣẹ́ ṣe ń pa ara igi dà sí dúdú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dúdú yìí ń pọ̀ sí i, torí pé ẹyẹ kò tètè rí wọn mọ́. Funfun tàbí dúdú, ẹ̀yà kan náà ni.

Ìwo orí

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ìwo méjì tó yọ lórí, nítòsí ojú. Ìwo labalábá tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìdí, ṣùgbọ́n bó bá kù díẹ̀ kó parí, á ki, á di kókó kékeré kan ní ṣóńṣó. Ti àfòpiná kì í sábà ní kókó yìí. Nínú àwọn kan, tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí láti ìdí dé òpin. Nínú àwọn mìíràn ó ní eyín bíi ti òòyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nínú àwọn ńláńlá tó jẹ́ ti ìdílé Saturniidae, eyín yẹn gùn, ó sì pọ̀ débi pé gbogbo ìwo náà fẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì ní irun lára. Bí ẹ bá rí ìwo tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́, kì í ṣe labalábá.

Ìwo yìí ni àfòpiná fi ń gbóòórùn. Akọ ló nílò rẹ̀ jù, nítorí òun ló ń wá abo kiri nínú òkùnkùn. Jean-Henri Fabre, ará Faransé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ìṣe kòkòrò, fi abo Saturnia pyri kan sínú àgò nínú ilé rẹ̀, àwọn akọ sì ń wọlé tọ̀ ọ́ wá láti ìta lóru. Ojú wọn kò lè rí i láti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Òórùn ló mú wọn dé. Ní ọdún 1959, Adolf Butenandt àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Jámánì rí èròjà tó wà nínú òórùn abo kòkòrò sílíìkì, Bombyx mori, wọ́n sì pè é ní bombykol. Abo tí wọ́n kó jọ kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú èròjà yìí tó nǹkan bí 500,000. Ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni ìwo akọ ń gbọ́ nínú afẹ́fẹ́.

Èyí wúlò fún wa. Akọ àti abo ẹ̀yà kan náà lè ní ìwo tó yàtọ̀: ti akọ á fẹ̀, ti abo á tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé irú méjì lòun mú. Bí àwọn méjì bá jọra ní ohun gbogbo àyàfi ìwo, ẹ kọ́kọ́ rò ó pé tọkọtaya ni wọ́n.

Kókó ìwo yìí náà kò ṣeé fi búra. Àwọn àfòpiná ìdílé Zygaenidae kan, tí wọ́n ń fò lọ́sàn-án, ní ìwo tó ki níparí. Àwọn ti ìdílé Sphingidae ní ìwo tó nípọn lágbedeméjì, tó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ní ṣóńṣó. Ní Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, àwọn labalábá kan wà, ìdílé Hedylidae, tí ìwo wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àfòpiná, tí wọ́n sì ń fò lóru. Àmì kan ṣoṣo kì í tó. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá fẹnu kò, ìgbà náà ni kí ọkàn yín balẹ̀.

Àmì kejì fara sin díẹ̀, ó sì gba awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Lábẹ́ apá, níbi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ àyà, irun líle kan máa ń yọ láti ara apá ẹ̀yìn lọ há sí abẹ́ apá iwájú, kí apá méjèèjì lè máa gbéra pọ̀ bí àfòpiná bá ń fò. Labalábá kò ní i, bí a bá yọ akọ ẹ̀yà kan ní Ọsirélíà sílẹ̀, Euschemon rafflesia. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àfòpiná tó ní irun yìí, akọ ní ẹyọ kan ṣoṣo tó le, abo sì ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ akọ yàtọ̀ sí abo láìtú inú rẹ̀. Àwọn Saturniidae kò ní irun yìí rárá. Apá wọn fẹ̀ gan-an, ti iwájú á kàn gun orí ti ẹ̀yìn ni.

Ìdúró àfòpiná nígbà tó bá bà sí ògiri tún sọ púpọ̀, ó sì dùn mí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ya fọ́tò kòkòrò máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dànù tàbí kí wọ́n pa á. Bó bá ti kú, ìdúró ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Labalábá sábà máa ń pa apá pọ̀ sókè lẹ́yìn rẹ̀. Àfòpiná ìdílé Geometridae máa ń tẹ́ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹrẹsẹ mọ́ ara ògiri. Àwọn Noctuidae máa ń ká a bò ara, á ga láàárín, á dagun sọ́tùn-ún sósì. Àwọn Sphingidae máa ń na apá iwájú sẹ́yìn tóóró, kí gbogbo ara wọn lè ní igun mẹ́ta. Àwọn Pterophoridae, tí wọ́n kéré tí wọ́n sì tín-ín-rín, máa ń na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ títí wọ́n á fi dà bíi lẹ́tà T. Ẹni tó bá ti mọ ìdúró márùn-ún yìí lè dárúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ ohun tó bà sí ògiri rẹ̀ lálẹ́ kó tó sún mọ́ ọn.

Ẹnu àti ahọ́n

Bunaea alcinoe wà káàkiri ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ bó bá na apá, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ojú ńlá aláwọ̀ ọsàn kan sì wà lápá ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa ń ṣí sílẹ̀ lójijì bí nǹkan bá fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tó bá wọ yàrá. Bí ẹ bá wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó wá ahọ́n tì. Àwọn Saturniidae kì í jẹun bí wọ́n bá ti dàgbà tán. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n á fi wà láyé, ìgbà tí wọ́n ṣì ń jẹ ewé ni wọ́n ti jẹ ẹ́ sára. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ní láti fi gùn, kí wọ́n yé ẹyin, kí wọ́n sì kú. Àfòpiná ńlá, ìwo rẹ̀ fẹ̀, kò láhọ́n, ojú wà lápá rẹ̀: ẹ lè kọ Saturniidae sílẹ̀ láìfòyà.

Òdìkejì wọn ni Sphingidae. Ara wọn le, ó sì nípọn, apá wọn gùn tóóró, eré wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ahọ́n gígùn tí wọ́n ń ká sábẹ́ orí. Ní ọdún 1862, Charles Darwin rí òdòdó kan tó wá láti Madagascar, Angraecum sesquipedale, tí omi dídùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ihò tóóró kan tó gùn tó nǹkan bí 29 sẹ̀ǹtímítà. Ó ní àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ gùn tó ihò náà. Àwọn kan kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 1903, lẹ́yìn tí Darwin ti kú, àwọn onímọ̀ kòkòrò Walter Rothschild àti Karl Jordan fún àfòpiná náà lórúkọ: Xanthopan morganii praedicta. Ibi tí iṣẹ́ yìí wù mí sí ni pé ìrísí òdòdó ni Darwin fi mọ ìrísí kòkòrò tí kò tíì fojú kàn rí.

Nínú ìdílé kan náà ni Acherontia atropos wà, èyí tó ní àmì kan lẹ́yìn àyà tó jọ agbárí òkú. Ìtàn burúkú tí àwọn ará Yúróòpù ti sọ nípa rẹ̀ kò lóǹkà, gbogbo rẹ̀ nítorí àmì kan. Ahọ́n tirẹ̀ kúrú, ó le, ó sì mú ní ṣóńṣó, torí pé afárá oyin ló fi ń gún. Ó máa ń wọ ilé oyin lóru lọ jí oyin mu, bí ẹ bá sì mú un lọ́wọ́, á ké fín-ín. Àwọn tó ń sin oyin níbí máa ń bá òkú rẹ̀ nínú àpótí oyin. Ahọ́n kúkúrú tó nípọn, igbe, àti àmì ẹ̀yìn yẹn: kò sí àfòpiná mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sí lára.

Kòkòrò sányán

Lára aṣọ òkè, sányán ni àwọn àgbà ń kà sí olórí. Ohun tí wọ́n fi ń hun ún wá láti ara àfòpiná ìran Anaphe, ti ìdílé Notodontidae. Àfòpiná fúnra rẹ̀ kò tóbi: apá rẹ̀ funfun bí wàrà, ó ní ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá. Abo rẹ̀ rọrùn láti mọ̀ nítorí ìdì irun rẹpẹtẹ tó wà ní ìdí rẹ̀. Irun yìí ló máa fi bo ẹyin rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá ti yé e tán. Ọmọ tó bá pa máa ń kóra jọ ni, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn lórí igi, wọ́n á jẹun pọ̀, wọ́n á sì parapọ̀ hun ilé ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá hun tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ilé yẹn ni wọ́n ń já, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń ran di òwú sányán. Àwọ̀ sányán, àwọ̀ ilé kòkòrò yìí ni. Ẹni tó bá ń já ilé náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí irun ara ọmọ kòkòrò náà máa ń yúnni, ó sì máa ń mú ara wú.

Igi tí wọ́n bá bá a lórí rẹ̀ ló sábà ń jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́. Anaphe venata fẹ́ràn igi arère. Anaphe infracta fẹ́ràn igi Bridelia. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlera tààrà. Láwọn agbègbè bíi Ìkàrẹ́ ní ìpínlẹ̀ Òndó, àwọn èèyàn máa ń jẹ ọmọ Anaphe, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kùkù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn kan máa ń jáde nígbà òjò: ẹni tó bá mú á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ní àwọn ọdún 1990, Bola Adamolekun, onímọ̀ ìṣègùn, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ so àìsàn náà mọ́ jíjẹ Anaphe venata. Èròjà kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná ìdáná kò sì tètè pa á, nítorí náà ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní fítámì yìí tó tẹ́lẹ̀ á kó sínú ewu. Fítámì B1 gan-an ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn, ara wọn sì ń yá.

Ẹ wá wo kànnì, tí wọ́n ń tà lọ́jà ní Kwara àti Niger. Ọmọ Cirina forda ni, Saturniidae ni, ewé igi ẹ̀mì ló sì ń jẹ. Ó jìnnà sí ẹ̀kùkù ní ìdílé. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní «kòkòrò tí à ń jẹ» tó sì kọjá lọ ti fi ohun tó yẹ kó mọ̀ sílẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí ìyá tó ń tà á lọ́jà lè sọ igi tí wọ́n ti kó o, kí ẹni tó ń rà á sì máa béèrè.

Èyí tó dé sínú àgbàdo

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà rí i pé kòkòrò kan ń jẹ ọkàn àgbàdo wọn lọ́nà tí wọn kò rí rí. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo ti wà níbí tẹ́lẹ̀: Busseola fusca àti Sesamia calamistis ń gbẹ́ inú pòròpóró, Spodoptera exempta máa ń ya wọ oko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ọ̀kan nínú wọn ló tún pọ̀ sí i. Georg Goergen àti àwọn onímọ̀ mìíràn ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ló wò ó fínnífínní, tí wọ́n sì kéde lọ́dún yẹn kan náà pé Spodoptera frugiperda ni, èyí tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a kò tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà rí. Ó ti wà ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti São Tomé. Kí ọdún 2018 tó lọ jìnnà, ó ti wà ní orílẹ̀-èdè tó ju 40 lọ ní Áfíríkà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìgbà tó wà ní ọmọ. Ní iwájú orí rẹ̀, ìlà funfun kan wà tó rí bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Èyí nìkan kò tó, nítorí àwọn ọmọ Spodoptera mìíràn lè ní ohun tó jọ ọ́. Ẹ wo ìhà ìdí rẹ̀: lórí oríkèé ikùn tó ṣìkejì sí ìkẹyìn, àmì dúdú mẹ́rin wà tó tò ní igun mẹ́rin dọ́gba-dọ́gba. Bí Y àti àmì mẹ́rin náà bá pé, tó sì jẹ́ inú ọkàn àgbàdo lẹ ti bá a, tí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí ìyẹ̀fun pákó, kò sí iyèméjì púpọ̀ mọ́. Busseola kò ní àmì mẹ́rin yẹn, inú pòròpóró ló sì máa ń wọ̀ lọ.

Àfòpiná rẹ̀ ṣòroó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá na apá, kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Noctuidae ni, àwọn Noctuidae sì ní àmì méjì tó wọ́pọ̀ lápá iwájú: ọ̀kan rí róbótó, èkejì tó wà sí ìta rẹ̀ tẹ̀ bíi kíndìnrín. Ibi tí àmì méjì yìí wà, bí wọ́n ṣe tóbi tó, bóyá wọ́n dúró ṣánṣán tàbí wọ́n dagun, ohun tí àwọn onímọ̀ Noctuidae fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lára akọ Spodoptera frugiperda, àmì róbótó náà gùn díẹ̀, ó dagun, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àmì funfun onígun mẹ́ta kan sì wà ní ṣóńṣó apá iwájú. Abo kò ní àmì ṣóńṣó yẹn. Eérú lásán ló rí. Apá ẹ̀yìn àwọn méjèèjì funfun, ó ń dán, ìlà dúdú tín-ín-rín sì wà létí rẹ̀. Ẹni tó bá wo abo nìkan, tó sì ń wá àmì funfun, á sọ pé kò sí fall armyworm lóko òun, nígbà tí abo náà ń yé ẹyin sí abẹ́ ewé.

Pákúté olóòórùn tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú oko náà ní ìṣòro tirẹ̀. Òórùn abo ni wọ́n fi sínú rẹ̀, akọ nìkan ló sì ń wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Leucania loreyi, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí tí àwọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹni tí a ń wá, máa ń wọ pákúté náà. Bí a bá kà gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìwo apá wọn, iye tí a máa kọ sílẹ̀ á ga ju òótọ́ lọ, àgbẹ̀ á sì fọ́n oògùn tí kò yẹ kó fọ́n. Owó rẹ̀ ni, ara rẹ̀ ni, omi ìdílé rẹ̀ sì ni.

Ní ti ẹ̀wà, ẹni tí à ń ṣọ́ ni Maruca vitrata. Èyí dùn ún mọ̀. Apá iwájú rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, ó ní ojú fèrèsé funfun tó mọ́ gaara. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara tán, àfi etí rẹ̀. Ó máa ń na apá nígbà tó bá bà, á sì gbé iwájú ara rẹ̀ sókè. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbẹ́ inú òdòdó àti pódi ẹ̀wà, òun sì ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe irúgbìn ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2019.

Àwọn kékeré inú ilé àti inú àká, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Plodia interpunctella ní apá iwájú aláwọ̀ méjì, ìdí rẹ̀ funfun, ìyókù pọ́n bíi bàbà. Sitotroga cerealella, tó ń jáde láti inú hóró àgbàdo, ní apá ẹ̀yìn tó tín-ín-rín lójijì ní ṣóńṣó, irun gígùn sì yí i ká. Òólá tó ń jẹ aṣọ, Tineola bisselliella, ń dán bí wúrà, irun orí rẹ̀ pọ́n, kò sì fẹ́ràn iná rárá. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ aṣọ onírun, àgbà rẹ̀ kò jẹ nǹkan kan. Nítorí náà, ohun tó ń forí gbá iná nínú ilé yín kọ́ ló jẹ yín láṣọ.

Àwọn kan sì wà tí kò ní apá rárá. Àrìgìsẹ́gi, tó ń ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́ mọ́ ara rẹ̀ tó sì ń wọ́ ilé rẹ̀ kiri lórí ẹ̀ka, ọmọ àfòpiná ìdílé Psychidae ni. Akọ rẹ̀ á hu apá, á fò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn, abo kì í hu apá láé. Inú ilé igi yẹn náà ló máa wà tí akọ á fi wá bá a, ibẹ̀ náà ni á sì yé ẹyin sí. Ilé ni à ń fi ń mọ èyí: bí igi rẹ̀ ṣe tò, bóyá gbọọrọ ni tàbí ìbú, àti bí gígùn wọn ṣe rí.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dájú

Ẹ ta aṣọ funfun sí ìta lálẹ́, kí ẹ tan iná síwájú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun tó bá bà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ kí ìwo àti ahọ́n lè hàn, àti láti abẹ́ apá bó bá ṣeé ṣe. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ẹ wà, àti igi tàbí irúgbìn tó wà nítòsí. Fọ́tò kan láti òkè, tí kò sí rúlà, tí kò sí ibi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rẹwà tó.

Bó bá jẹ́ ọmọ kòkòrò lẹ rí, ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ sìn ín. Ẹ fi í sínú ike tí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fún un ní ewé tí ẹ bá a lórí rẹ̀, kì í ṣe ewé mìíràn, kí ẹ sì da yanrìn díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ Noctuidae máa ń wọ ilẹ̀ lọ kí wọ́n tó di àfòpiná. Ẹni tó bá ṣe èyí á ní fọ́tò ọmọ, fọ́tò àgbà àti orúkọ igi tó ń jẹ, kò sì ní tún fi méfò so ọmọ mọ́ àgbà.

Àwọn ẹ̀yà kan wà tí gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí kò lè yà sọ́tọ̀. Apá wọn jọra, ìwo wọn jọra. Fún irú wọn, àwọn onímọ̀ máa ń gé ikùn rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi potassium hydroxide títí ẹran ara á fi yọ́, wọ́n á wá wo nǹkan ọmọkùnrin tàbí ti obìnrin rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ibẹ̀ ni ẹ̀yà ti máa ń yàtọ̀ síra kedere. Láti ọdún 2003, tí Paul Hebert ní yunifásítì Guelph ní Kánádà ti dábàá pé kí wọ́n máa fi ìdá kékeré kan nínú DNA dá ẹ̀dá mọ̀, ọ̀nà kejì ti wà. DNA náà ni wọ́n fi jẹ́rìí sí ti Spodoptera frugiperda ní ọdún 2016. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi àfòpiná sínú bébà tí ẹ ká ní igun mẹ́ta, kó gbẹ. Ẹ fi ọmọ sínú ọtí líle tí kò dín sí ìdá 70 nínú 100. Fún àyẹ̀wò DNA, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ti tó.